Ìrìn Ọjọ́ Kan Nínú The Narrows, Tọmọdé Tàgbà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí ń béèrè lemọ́lemọ́ kí wọ́n tó kó ọmọ lọ sí Zion la kó jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ń fa àríyànjiyàn ló wà nísàlẹ̀.

Kí ni The Narrows, níbo ló sì wà?

Ibi tí odò Virgin ti la àpáta kọjá ni, nínú Zion, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Utah, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Odò yìí fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ àpáta náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di àfonífojì tóóró. Ògiri òkúta tó ga tó mítà 300 wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì, ibi tó sì há jù láàárín wọn kò ju mítà 6 sí 9 lọ. Ẹni tó bá gbójú sókè níbẹ̀, ojú ọ̀run tó máa rí kò fẹ̀ ju ọ̀já lọ.

Kò sí ojú ọ̀nà lẹ́bàá odò náà. Inú omi lẹ ó ti máa rìn, ẹ ó jáde sí etí iyanrìn fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó tún padà sínú omi. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tutù, ibi yìí kọ́ ni kó wá.

Ilẹ̀ àwọn Paiute ìhà gúúsù, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni gbogbo àgbègbè náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ fi òfin dáàbò bò ó ní 1909, Mukuntuweap ni wọ́n pè é. Ọdún 1919 ló di ọgbà ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ orúkọ Zion.

Ṣé a ní láti gba ìwé àṣẹ?

Rárá, bí ẹ bá máa gba ìsàlẹ̀ odò wọlé, níbi tí bọ́ọ̀sì ọgbà ń já èrò sí, tí ẹ ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó ń gba òkè odò wá, láti Chamberlain's Ranch, ló nílò ìwé àṣẹ. Tiwọn gùn tó kìlómítà 26, kì í sì í ṣe ìrìn ọmọdé. Ti ìsàlẹ̀ nìkan là ń sọ lójú ìwé yìí. Ẹni tó gba ìsàlẹ̀ wọlé kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí wọ́n ń pè ní Big Spring.

Èló ni owó ẹnubodè?

Dọ́là 35 ni fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó sì dára fún ọjọ́ 7. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn tàbí tó gun kẹ̀kẹ́ wọlé ń san dọ́là 20. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti òkè òkun wá, ẹ fetí sí èyí: láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, àwọn tí kì í ṣe olùgbé Amẹ́ríkà ń san àfikún dọ́là 100 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ti pé ọdún 16, àyàfi tí wọ́n bá ní káàdì ọdọọdún. Fún ìdílé tó ní àgbàlagbà mẹ́rin, owó ńlá nìyẹn, ẹ fi sínú ìṣirò yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Bí ẹ bá ń gbé Amẹ́ríkà tí ọmọ yín sì wà ní kíláàsì kẹrin, ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ wà fún un tó máa gba gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ wọlé.

Ṣé a lè wa ọkọ̀ wa dé etí odò?

Láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Kọkànlá, rárá. Bọ́ọ̀sì ọgbà ló ń kó èrò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ibùdó àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí ọgbà ti ń gba àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò, kí ẹ sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ kẹsàn-án, Temple of Sinawava, tó jẹ́ òpin ọ̀nà. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 45. Ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń kún láàárọ̀ kùtùkùtù. Bó bá ti kún, ẹ gbé ọkọ̀ sí ìlú Springdale tó wà lẹ́nu ẹnubodè, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì ìlú náà, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì ìkẹyìn kí ẹ tó sọ̀. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn padà, ó sì lé ní kìlómítà 10. Ẹ rò ó wò pẹ̀lú ọmọ tó ti rẹ̀, tí bàtà rẹ̀ ṣì kún fómi.

Ọ̀rọ̀ aago: ọ̀pọ̀ ń ti Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada, wá, ìrìn wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ni. Utah fi wákàtí kan ṣáájú Nevada. Ẹni tó bá kúrò ní Las Vegas ní aago márùn-ún ìdájí kò lè dé Zion ní aago mẹ́jọ Utah, kó má tan ara rẹ̀.

Oṣù wo ló dára jù fún ẹni tó ní ọmọdé?

Ìparí oṣù Kẹfà, tàbí láti ìdajì oṣù Kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá.

Nígbà ìrúwé, yìnyín orí òkè máa ń yọ́, odò ló sì ń gba gbogbo omi rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà máa ń wà ní títì ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún. Lọ́dún tí yìnyín bá pọ̀, títì náà lè wọ oṣù Kẹfà tàbí Keje. Láti àárín oṣù Keje sí àárín oṣù Kẹsàn-án, òjò àrá ló ń jọba, ìgbà yẹn sì ni àgbàrá òjijì wọ́pọ̀ jù. Nígbà òtútù, omi náà máa ń tutù bíi ti inú fìríìjì, aṣọ àkànṣe làwọn àgbà pàápàá ń wọ̀ kí wọ́n tó lè wọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé oṣù Keje àti Kẹjọ ni iléèwé ń gba ìsinmi. Bó bá jẹ́ ìgbà yẹn nìkan lẹ ráyè, ẹ wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí ẹ sì ti jáde kúrò nínú omi kí ọ̀sán tó pọ́n, torí ọ̀sán ni òjò àrá sábà máa ń ṣú. Ẹ máa rí èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀, àmọ́ bí ẹ ṣe ń wọnú lọ, èrò ń dín kù.

Báwo ni ìrìn náà ṣe gùn tó, ibo la sì gbọ́dọ̀ dé?

Kò sí ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí òun ni àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́: kò sí ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dé. The Narrows kì í ṣe òkè tó ní góńgó. Láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú omi lẹ ti máa rí ohun tí ẹ wá wò. Ibi tó bá ti wù yín kí ẹ yí padà, ìrìn yín pé.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe lọ: láti ibùdókọ̀, ẹ máa gba ọ̀nà oníkọnkéré tí wọ́n ń pè ní Riverside Walk, ìrìn bíi kìlómítà kan àti ààbọ̀ sí méjì, pẹrẹsẹ ni. Níbi tó parí sí ni omi ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí Mystery Falls, ìṣàn omi tó ń yọ̀ wálẹ̀ lára àpáta lápá ọ̀tún yín. Bí ẹ bá ń bá a lọ fún bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ ó dé oríta Orderville, níbi tí odò kékeré kan ti ń wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Wall Street, ibi tó há, tí kò ní etí iyanrìn púpọ̀, tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn jù. Big Spring jìn tó kìlómítà 8 sí ibùdókọ̀. Àlọ àti àbọ̀ di 16, wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni fún àgbàlagbà tó lókun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò ní ohun tó ń wá débẹ̀.

Dípò kí ẹ yan ibi, ẹ yan aago. Ẹ ti inú bọ́ọ̀sì fẹnu kò lórí ìgbà tí ẹ ó yí padà, kí àwọn ọmọ gbọ́. Bí ẹ bá wọ omi ní aago mẹ́jọ tí ẹ sì fẹ́ jáde ní aago mọ́kànlá, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ lẹ ó yí padà, kódà bí ibi tó kàn bá wà lójú ọ̀nà níwájú. Òótọ́ ni pé omi á máa ti yín lẹ́yìn nígbà àbọ̀. Ẹsẹ̀ á ti rẹ̀ nígbà yẹn, torí náà ẹ má fi àǹfààní yẹn ṣe ìṣirò.

Báwo ni omi náà ṣe jìn tó? Ṣé ó tutù?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kókósẹ̀ sí orúnkún ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó máa ń dé ìbàdí láwọn ibì kan. Bí ẹ bá ti wọnú lọ kọjá Orderville, ẹ lè bá kòtò tó dé àyà, tàbí èyí tí ẹ ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Àgbàrá máa ń gbé iyanrìn kiri, nítorí náà kòtò tí ẹnì kan rí lóṣù tó kọjá lè ti dí, òmíràn á sì ti ṣí síbòmíràn.

Ìbàdí tí à ń wí yìí, ti àgbàlagbà ni o. Ọrùn ló jẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ó tutù. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ àárín ògiri méjèèjì, kódà nígbà tí ooru ìta bá ń jó ènìyàn. Ọmọdé máa ń tètè gan ju àgbà lọ torí ara wọn kéré. Bí ètè ọmọ bá ń gbọ̀n, tó dákẹ́ lójijì, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ níbi tí kò yẹ, ẹ má dúró jẹun, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ wọ gbígbẹ fún un, ẹ yí padà.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè lọ?

Òfin kò dá ọjọ́ orí kankan sílẹ̀ fún ẹni tó gba ìsàlẹ̀ wọlé. Gíga ọmọ ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 120, lójú tèmi, kó ṣeré ní etí omi níbi tí Riverside Walk parí sí. Òkúta wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, omi rẹ̀ kì í jìn lápá etí, inú ọmọ á sì dùn bí ẹni pé ó dé òpin ayé. Àwọn òbí ló máa ń rò pé ọjọ́ ti bàjẹ́ bí wọn kò bá rí Wall Street.

Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ sókè, tó bá ga díẹ̀ tí kò sì bẹ̀rù omi, ó lè rìn fún wákàtí kan sí méjì nínú omi. Àgbàlagbà kan fún ọmọ kan níbi tí omi bá ti ń tini. Ìsàlẹ̀ odò ni kí àgbà dúró sí, kí ọmọ wà lápá òkè, kó lè jẹ́ pé bí ọmọ bá yọ̀, ara àgbà ló máa gbá mọ́.

Ṣé mo lè pọn ọmọ mi kọjá?

Lórí Riverside Walk, ẹ pọ̀n ọ́n láìbẹ̀rù. Nínú omi, rárá. Òkúta abẹ́ odò yìí rí roboto, ewédò sì wà lára wọn, kò sí ẹni tí kì í yọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ṣubú lulẹ̀, orí ọmọ ló máa ṣubú lé. Bó bá sì jẹ́ iwájú ló ṣubú sí, ọ̀já tó rọ̀ tó sì ti gbomi kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè yára tú. Báàgì ìgbọ́mọ tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò kò yàtọ̀: okùn rẹ̀ pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí èjìká wúwo ju ìbàdí lọ.

Bí ìkókó bá wà nínú ìdílé, kí bàbá lọ fún wákàtí kan kí ìyá dúró, lẹ́yìn náà kí ìyá lọ. Èmi kì í gbọ́ àwíjàre tó ju ìyẹn lọ.

Màmá wa ti lé ní 70, orúnkún ń dùn wọ́n. Kí ni wọ́n máa ṣe?

Riverside Walk ni tiwọn. Kò ga, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́ta àti ààbọ̀, àga ìjókòó wà lójú ọ̀nà, igi sì ń ṣíji bò ó. Ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà á bí ẹnì kan bá ń ràn án lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ náà ń gbà á. Omi ń sun lára àpáta lápá kan, ewéko sì so rọ̀ níbẹ̀ bí ọgbà tí ẹnì kan gbìn. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nílé torí pé ẹ gbọ́ pé "inú omi ni".

Irú bàtà àti aṣọ wo?

Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tó dì mọ́ ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń di òkúta mú. Sílípáàsì máa bá omi lọ. Sáńdà tó ṣí níwájú á jẹ́ kí ẹ fi ìka gbá òkúta láti àárọ̀ dálẹ́. Bàtà eré ìdárayá àtijọ́ tó ṣì lágbára dára fún ìrìn kúkúrú.

Ní Springdale, àwọn ilé ìtajà ń yá ènìyàn ní bàtà odò, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn tó ń dá ooru ẹsẹ̀ dúró, àti ọ̀pá. Bí owó kò bá tó láti yá gbogbo rẹ̀ fún gbogbo ilé, ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Pẹ̀lú ọ̀pá, ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ ní, ẹ sì lè fi wọn jíjìn omi kí ẹ tó tẹ ibẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ igi lára èyí tó wà nínú ọgbà, òfin kò gbà á.

Ní ti aṣọ, ẹ yẹra fún jíǹsì àti aṣọ òwú. Wọ́n ń mu omi, wọ́n ń wúwo, wọn kì í sì í gbẹ. Aṣọ ẹléré ìdárayá tó fẹ́lẹ́ ló dára. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní aṣọ gbígbẹ kan nínú báàgì tí omi kì í wọ̀.

Kí la máa gbé dání?

Ohun díẹ̀, torí gbogbo ohun tí ẹ bá gbé, ẹ̀yìn yín ló máa wà nínú omi. Omi mímu tó lítà méjì fún àgbà, oúnjẹ tí kò nílò sísè, aṣọ gbígbẹ, oògùn ọgbẹ́ díẹ̀, ọ̀rá fún ìdọ̀tí. Ẹ pọn omi ní Temple of Sinawava, ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀. Ẹ má fún àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ lóúnjẹ. Wọn kò bẹ̀rù ènìyàn mọ́, wọ́n sì máa ń gé ọmọdé jẹ.

Ṣé a lè mu omi odò, tàbí kí a sẹ́ ẹ?

Rárá, kódà bí asẹ́ yín bá wọ́n. Láti 2020 ni wọ́n ti ń rí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria nínú odò Virgin. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, májèlé wọn sì lè pa ajá. Asẹ́ àwọn arìnrìn-àjò kò mú májèlé yìí kúrò, sísè omi kò mú un kúrò.

Rírìn nínú omi kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ máa kọ̀ fún àwọn ọmọ ni kí wọ́n ri orí sínú omi, kí wọ́n máa fi ẹnu fọ́n ọn síra wọn, tàbí kí wọ́n máa họ ohun tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹ fi omi mímọ́ fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jẹun. Ọgbà máa ń lẹ ìkìlọ̀ tuntun mọ́ ibùdó àlejò, ẹ ka ti ọjọ́ yẹn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?

Ti Temple of Sinawava ni ìkẹyìn. Gbogbo ọmọ ni kó lọ, èyí tó ní ìtọ̀ kò gbọ̀n òun náà. Àfonífojì yìí há débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè gbẹ́ ihò sí tí kò ní wọ odò. Ẹ ra àpò ìgbẹ́ tí wọ́n ṣe fún arìnrìn-àjò, kí ẹ sì gbé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ jáde. Pámpáàsì náà, bákan náà.

Fóònù, dúróònù, ajá?

Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú àfonífojì, ẹ fi sínú ike tí omi kì í wọ̀, ẹ kà á sí kámẹ́rà lásán. Dúróònù jẹ́ èèwọ̀ ní gbogbo ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ajá kò gbọdọ̀ wọ The Narrows. Ọ̀nà ìrìn tí wọ́n ń pè ní Pa'rus Trail nìkan ni wọ́n fàyè gba ajá nínú Zion.

N kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ṣé kí n má lọ?

Ẹ lè lọ, tí odò bá kéré, tí ẹ kò sì ní kọjá ibi tí omi dé ìbàdí. Ẹni tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn fi ẹ̀sín tì í wọ kòtò tí kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nípa àwọn ọmọ, ẹ̀wù ìléfòó tó bá ara wọn mu dára, àmọ́ kì í ṣe àṣẹ láti wọ ibi tí ẹ kò bá ní mú wọn wọ̀ láìsí i.

Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń pariwo àgbàrá òjijì?

Torí pé òjò tó máa gbé yín lọ lè máà rọ̀ sí yín lórí rárá. Ilẹ̀ tó ń da omi sínú odò yìí gbòòrò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òkúta tí kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà sókè, gbogbo rẹ̀ á yọ̀ wálẹ̀ sínú ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀nà náà sì ni ẹ dúró sí. Ẹ̀yin lè máa rí oòrùn, kí ògiri omi, igi àti òkúta máa bọ̀ lókè.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2015, àgbàrá òjijì pa ènìyàn méje nínú Keyhole Canyon, àfonífojì tóóró mìíràn nínú ọgbà yìí kan náà.

Ojoojúmọ́ ni iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà ń gbé ìdíwọ̀n àgbàrá jáde fún Zion. Ìpele mẹ́rin ló ní, láti orí pé wọn kò retí rẹ̀ dé orí pé wọ́n retí rẹ̀. Ó wà lára pátákó ní ibùdó àlejò. Bí ẹ bá ní ọmọ lọ́wọ́, ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ bá wọ omi. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá wà lè jiyàn lórí ìpele kejì, ẹ̀yin kò sí nínú iyàn yẹn. Bí ìkìlọ̀ gidi bá jáde, wọ́n á ti ọ̀nà pa, wọn kì í sì í ṣí i títí wákàtí méjì á fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá mú ìkìlọ̀ náà kúrò.

A ti wà nínú omi. Àmì wo la máa fi mọ̀ pé àgbàrá ń bọ̀, kí la sì máa ṣe?

Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ṣàdédé di ẹrẹ̀. Omi ń ga lára òkúta tí ẹ ti sàmì sí, tàbí ó ń tini ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewé, igi wẹ́wẹ́ àti ẹ̀ka ń léfòó bọ̀. Àrá ń sán. Ẹ ń gbọ́ ìró bí ọkọ̀ akẹ́rù láti òkè odò. Ọ̀kan nínú wọn tó, ẹ má dúró de ìkejì.

Ẹ gun ibi gíga lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti sáré ṣíwájú àgbàrá lọ sí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò tó o. Gíga mítà kan tàbí méjì péré lè gba ẹ̀mí là. Bí ẹ kò bá rí ibi gíga, ẹ sá sẹ́yìn àpáta tó yọ síta, kó lè gba ìgbì àkọ́kọ́ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ ti ọmọ sókè, ẹ gbàgbé báàgì. Nígbà tí ẹ bá ti wà lókè, ẹ dúró síbẹ̀ títí omi á fi fà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ó lè di ọjọ́ kejì. Ìdí rèé tí oúnjẹ àti aṣọ gbígbẹ fi ní láti wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nínú báàgì kan ṣoṣo.

Bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ máa wo ògiri. Igi tó há sínú pàlàpálá àpáta lókè orí yín, omi ló gbé e débẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di eré fún àwọn ọmọ: ta ló máa kọ́kọ́ rí ibi gíga tó kàn? Wọ́n á máa ṣọ́nà fún yín láìmọ̀.

Ọ̀nà ṣí, àmọ́ odò pọ̀. Bí ọgbà bá ti ní a lè wọlé, ṣé kò burú fún ọmọ?

Ó lè burú. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni cfs (cubic feet per second), iye omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ju 150 lọ, wọ́n á ti ọ̀nà pa. Ìyẹn ju lítà 4,000 omi lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn kò sọ pé 140 rọrùn. Ààlà 150 yìí, lójú tèmi, àgbàlagbà tó lágbára ló bá mu. Láti 70 sókè ni àgbà pàápàá á ti máa fi gbogbo ara ti ọ̀pá.

Fún ìdílé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, mo máa sọ pé kí ẹ fi 70 ṣe ẹnu ààlà tiyín, kódà kó jẹ́ 60. Ẹ wo nọ́ńbà náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tún wò ó láàárọ̀. Bó bá ń gòkè láàárín ìgbà méjèèjì, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí omi ti ń wá.

Ọmọ kan ti rẹ̀, àwọn yòókù fẹ́ máa lọ. Ṣé a lè pín sí méjì?

Bí àgbàlagbà bá wà ní apá méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni. Bí àgbà kan ṣoṣo ló wà, gbogbo yín yóò padà, kò sí ìdìbò nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 kì í ṣe àgbàlagbà nínú odò, ohun yòówù kó máa sọ.

Ẹ fẹnu kò lórí aago àti ibi ìpàdé kí ẹ tó pínyà, torí fóònù kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ibùdókọ̀ Temple of Sinawava ló dára jù, kì í ṣe "etí omi", torí etí omi pọ̀. Kí apá kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ, omi àti aṣọ gbígbẹ tirẹ̀.

Ọjọ́ tí a dé gan-an ni wọ́n ti ọ̀nà pa. Kí la fẹ́ ṣe?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà kò ti ọ̀nà torí àtijẹ gàba.

Riverside Walk sábà máa ń wà ní ṣíṣí nígbà tí odò bá pọ̀, ẹ sì lè rí bí omi ẹrẹ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu àfonífojì, ìran tó ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ju omi mímọ́ lọ nígbà mìíràn. Pa'rus Trail tẹ̀lé odò kan náà níbi tó ti fẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń gbà á. Ìrìn Lower Emerald Pools kò tó wákàtí méjì, ó sì kọjá lábẹ́ ìṣàn omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Owó ẹnubodè yín ṣì dára títí ọjọ́ 7 á fi pé, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ bí ọ̀la àti ọ̀tunla ṣe rí kí ẹ tó yí ètò padà.